Akin Tí Ó Mọ Ìjà Tí Kò Mọ Ìsá

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ ọ́ pé akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á níbi ìjókòó ẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ọ̀dọ́ tí ó jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n inú òwe náà ṣe eré, ńṣe ni a ń mi orí: a ní ọmọ ti bàjẹ́, a ní ìpànìyàn ni ó ń kọ́. Eré tí mo ń wí ni eré ìbẹ̀rù orí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń fi ènìyàn sínú ilé tàbí ìlú tí iwin àti òkú tí ń rìn kún inú rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó jáde láàyè lọ. Mo fẹ́ bá àwọn tí ń bú eré náà jiyàn. Mo sì fẹ́ bá àwọn tí ń fi ìwàǹwára ṣe é wí, nítorí pé àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n rò pé ìjà ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìdó ṣe àpẹẹrẹ. Ìtàn àwọn Àwórì sọ fún wa pé láti Ìṣẹ̀rì ni àwọn ènìyàn Ọlọ́fin ti wá. Nígbà tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, wọ́n kó wá sí Ẹ̀bùté-Mẹ́tta. Láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọjá sí Ìdó, tí ó jẹ́ erékùṣù nígbà náà, kí omi lè ṣe odi fún wọn. N kò tíì gbọ́ ẹni tí ó pe Ọlọ́fin ní ojo. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun kúrò níbi kan ni ó fi ibòmíràn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Láti ọdún 1901 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láàrin Ìdó àti Ìbàdàn, àìmọye àlejò ni Ìdó ti gbà wọ Èkó. Ìmọ̀ràn tí àwọn ará ilé ń fún irú wọn kò pọ̀: má kó ẹrù jù, má dá gbogbo ẹni tí ó bá pè ọ́ lóhùn, mọ ọ̀nà tí o ó gbà jáde kí o tó wọlé. Ní ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ti Alágómejì gbéra lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò tíì gbó. Òun gan-an ni ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ eré ìbẹ̀rù nílò.

Ẹ wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá lórí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé eré ìbẹ̀rù sí i, bí ẹní gbá bọ́ọ̀lù náà ni wọ́n ń kó wọ inú rẹ̀. Wọn a yin ìbọn sí ohun gbogbo tí ó bá mì. Kí ó tó pẹ́, ọta tán, òkú dì mọ́ wọn lọ́rùn, wọn a sì sọ pádì nù, wọn a ní eré náà kò dára. Eré náà dára o. Àìfarabalẹ̀ ni kò dára.

N óò sọ bí a ti í ṣe é. Resident Evil, tí ilé iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 1996, ni n óò fi ṣe ìwọ̀n, nítorí pé òun ni ó sọ irú eré yìí di ìlúmọ̀ọ́ká.

Èkíní, ka ọta rẹ. Wọn kò fún ọ ní èyí tí yóò tó pa gbogbo wọn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Òkú tí o lè yà fún, yà fún un. Ọdẹ tí ó yin gbogbo ẹ̀tù rẹ̀ sí ọ̀kẹ́rẹ́, kí ni yóò fi pàdé ẹfọ̀n?

Èkejì, má kó ẹrù jù. Chris kò lè gbé ju ohun mẹ́fà lọ, Jill kò lè gbé ju mẹ́jọ lọ. Àpótí wà nínú ilé náà tí o lè kó ìyókù sí. Fi àyè kan sílẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tí ò ń wá lè wà níwájú, kí o má sì rí ibi gbé e sí.

Ẹ̀kẹta, mọ ilé náà. Wo máàpù, rántí ilẹ̀kùn tí ó wà ní títì, ka gbogbo ìwé tí àwọn tí ó ti kú fi sílẹ̀. Ẹni tí kò kàwé kì í jáde nínú ilé yẹn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwọn olùkọ́ wa nínú.

Ẹ̀kẹrin, mọ ewé. Ewé aláwọ̀ ewéko ń wo ọgbẹ́. Ewé búlúù ń pa oró. Ewé pupa nìkan kò wúlò fún nǹkankan, àfi bí o bá pò ó mọ́ aláwọ̀ ewéko, nígbà náà ni agbára rẹ̀ yóò tó yọ. Ta ni ó ní kí Yorùbá wá kọ́ èyí lọ́dọ̀ ará Japan?

Ẹ̀karùn-ún, fi etí ṣọ́nà. Nínú Silent Hill ti ọdún 1999, kùrukùru bo ìlú, ojú kò ríran jìnnà. Rédíò kékeré kan ni ó ń hó nígbà tí ẹ̀dá burúkú bá súnmọ́. Ẹni tí ó pa rédíò rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di etí ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, má fi ibi tí o bá iṣẹ́ dé ṣeré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nínú Resident Evil, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ní iye. Bí o bá ń lò ó ní gbogbo ìṣẹ́jú, yóò tán. Bí o bá ṣahun rẹ̀, o ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìpànìyàn ni eré yìí ń kọ́ni, ibo ni ẹ ti rí i nínú mẹ́fà tí mo kà yìí? Nígbà tí wọ́n tún Resident Evil ṣe ní ọdún 2002, wọ́n fi òfin kan kún un: òkú tí o bá yìnbọn lù tí kò sì fọ́ lórí, tí o kò sì fi karosíìnì sun, yóò tún dìde, yóò máa sáré, yóò sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Eré wo ni ó tún kìlọ̀ fún ènìyàn báyìí pé ohun tí o fi ìkánjú pa lè padà wá bá ọ?

Mo gbà fún yín níbì kan. Eré yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé ti ẹni ọdún 17 sókè ni. Ẹni tí ó jẹ́ kí ọmọ ọdún méje jókòó sídìí rẹ̀ ní òru kò ṣe dáadáa, owó yòówù tí ì báà gbà. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ọtí kò tọ́ sí ọmọdé kí a fọ́ agbè ẹlẹ́mu.

Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ju gbogbo èyí lọ nìyí. Ní ọdún 2009, Capcom gbé Resident Evil karùn-ún jáde, wọ́n sì mú ìjà náà wá sí ìlú kan ní Áfíríkà tí wọ́n fi orí ara wọn dá, Kijuju. Obìnrin tí ó ṣe alábàákẹ́gbẹ́ akọni náà, Sheva, ẹ̀ka ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, èdè Swahili, tí í ṣe ti Ìlà-Oòrùn, ni àwọn ará ìlú ń sọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó bínú sí eré náà nítorí bí wọ́n ti ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú bí ẹran ìgbẹ́ tí a ń yìnbọn pa. Èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú kò tó, nítorí pé ẹni tí kò sọ ìtàn ara rẹ̀ ni ẹlòmíràn ń bá sọ ọ́, tí ó sì ń sọ ọ́ lódì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kò wọ́n wa. Ní ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde: ọdẹ kan, igbó kan, àti ẹ̀dá abàmì ní gbogbo ìkọ̀rọ̀. Ní ọdún 1954, Tútùọlá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ọmọ ọdún méje tí ogun lé wọ igbó iwin, tí ó sì lo ọdún 24 níbẹ̀ kí ó tó mọ̀nà ilé. Kí ni wọ́n ń pè ní eré ìbẹ̀rù tí ó ju èyí lọ? A ti ní i kí àwọn tí ó ṣe Resident Evil tó dáyé, a sì fi í sí orí pẹpẹ ìwé fún ìdánwò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe dúró de ará Japan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe lé wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó pọ̀, kí wọ́n ṣe igbó kan tí a ó ti máa gbọ́ ọfọ̀ àti ìjálá, tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní rí ọ̀nà jáde níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ wa bá máa bẹ̀rù lórí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè ìyá wọn bẹ̀rù, kí wọ́n sì fi ọgbọ́n baba wọn jáde.