Ẹ Bi Dókítà: Irú Jẹjẹrẹ Wo Ni?



Lára sẹ́ẹ̀lì ọyàn ni purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní HER2. Òun ló ń gba àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Bí ó bá pọ̀ jù, àṣẹ náà kì í dáwọ́ dúró mọ́: kókó á máa tóbi, jẹjẹrẹ á sì tètè ràn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀. Láti 1998 ni oògùn Herceptin ti wà tí ń dí HER2 lọ́nà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kókó ló wúlò fún. Èyí tí HER2 kò pọ̀ lára rẹ̀, tí kì í sì í gba àṣẹ họ́mónù, wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ju ti àwọn òyìnbó lọ; ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ní owó àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ìnáwó asán. Ẹ̀yin baálé, bí wọ́n bá gé kókó ọyàn ìyàwó yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù láì yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí á máa wá ìwòsàn. Kí àdúà àti àyẹ̀wò jọ máa rìn. Ọlọ́hun á fún wa ní àlàáfíà, àmín.