Ìwé Tí A Kò Ṣí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ní ibùdókọ̀ Jonquet, ní Kútọnu, èrò Lomé a máa jókòó títí ọkọ̀ yóò fi kún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀wé kà, tí ìwé sì wà nílé wọn, tí eruku ti bò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọn a pinnu pé ìwé 12 ni àwọn yóò kà. Kí oṣù kẹta tó pé, wọn a ti jáwọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jáwọ́ nínú rírà.

Àká tó kún kò bọ́ ẹni tí kò dáná. Ọdún 1938 ni Doguicimi ti Paul Hazoumé jáde. Ọdún náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde pẹ̀lú. Ẹni mélòó, nínú àwọn tó ń fi wọ́n yangàn, ló kà wọ́n tán?

Ojú ìwé 10 lójúmọ́ di 300 lóṣù: odidi ìwé kan nìyẹn. Àkókò tí èrò fi ń dúró ní Jonquet tó bẹ́ẹ̀. Kí olúkúlùkù ka èyí tó wà nílẹ̀ tán kí ó tó ra òmíràn.

Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yóò gbàgbé rẹ̀ bí kò bá máa kàwé. Bí ọ̀mọ̀wé kò bá ṣí ìwé, àwòkọ́ṣe wo ni ó kù fún un?