Ta Ló Ń Gbàdúrà fún Èémí Aláìsàn?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí wọ́n bá ní kí a gbàdúrà fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọpọlọ, a ó ní kí Olúwa darí ọwọ́ dókítà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí èémí aláìsàn náà?

Àìsàn kan wà tó sábà máa ń jẹ́ àbímọ́ni: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á lọ́ mọ́ra bí òwú tó ta kókó. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ọpọlọ. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀, aláìsàn ti sùn lọ fọnfọn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Bí èémí náà kò bá tó, afẹ́fẹ́ búburú tó yẹ kó jáde á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan á fẹ̀, ọpọlọ á wú. Bí ọ́síjìn bá dá pátápátá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, ọpọlọ ti ń kú lọ.

Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ wo UCH Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Láti ìparí 2024 wọ 2025, ó lé ní 100 ọjọ́ tí apá púpọ̀ níbẹ̀ fi wà nínú òkùnkùn, lórí ọ̀rọ̀ gbèsè iná!

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ẹ fi ìṣèlú sílẹ̀, Ọlọ́run ló ni èémí." Òun ló ni ín lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbèsè iná gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ará Samáríà nì kò kàn kẹ́dùn, ó san owó ilé èrò.

Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìṣúná, ẹnikẹ́ni kò ní sanwó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìrẹ́mọ, bí àwọn aṣòfin bá wá kí wa, ẹ má kàn gba ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n léèrè: iná, dísù àti ọ́síjìn ilé ìwòsàn wa ńkọ́? Èló lẹ kọ sílẹ̀ fún un? Èló ló dé ibẹ̀?

Ẹ̀mí kò láàrọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, kí a sì béèrè.