Bàbá ṣọ́jà tó wà lẹ́nu géètì yín, ẹ bi í léèrè kó tó pẹ́ jù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ yìí. Àwa tá à ń gbé láti Lekki títí dé Ajah, tá a máa ń wọ mọ́tò Ọbáléndé láàárọ̀, ta ló ti jókòó bi ara ẹ̀ pé kí ni ìtumọ̀ Dodan tí wọ́n ń pè mọ́ Dodan Báráàkì? Àìmọye ìgbà la ti gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ làwọn olórí ìjọba ológun ti ń pàṣẹ fún gbogbo wa nígbà kan, kí Babangida tó kó ìjọba lọ sí Abuja lọ́dún 1991. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kì í ṣe ti Yorùbá, kì í ṣe ti Hausa, kì í sì í ṣe ti Ìgbò.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Dodan o, Arakan tó wà l'Ápápá o, Myhoung tó wà ní Yábàá o, orúkọ ibi tí wọ́n ti jagun ni gbogbo wọn, ní orílẹ̀-èdè Burma, táwọn bàbá wa ń pè ní Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lóde òní. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ nígbà ogun àgbáyé kejì, èyí táwọn àgbà ń pè ní ogun Hitler, kí wọ́n lọ bá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn ará Japan. Nǹkan bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ló lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwa mọ orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti jà, kọ̀ǹdọ́ pàápàá ń fi í pariwo. Orúkọ àwọn tó jà níbẹ̀ la ò mọ̀. Àbí ẹ̀yin mọ ẹyọ kan?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi Bọ́mà sílẹ̀ ná, ká padà sílé. Ẹ wo àwọn ẹ́sítéètì tó tò sí ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ yẹn, láti Jákàńdè títí dé Ṣàngótẹ̀dó. Ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí bàbá kan lẹ́nu géètì tó jẹ́ ṣọ́jà tẹ́lẹ̀. Ẹ máa dá a mọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ á gún bí ọ̀pá, aṣọ ẹ̀ tó ti gbó náà á ti gba áyọ́ọ̀nù, bó bá sì fẹ́ kí yín, ọwọ́ á ti dé iwájú orí kẹ́ ẹ tó mọ̀. Kí là ń bá bàbá yìí sọ? "Bàbá, ẹ ṣí géètì." "Bàbá, ta ló gbé mọ́tò síwájú ilé mi?" "Bàbá, ẹ gba tọ́rọ́ yìí, ẹ fi jẹun." Ó parí nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, ká má mọ ìlú tí wọ́n ti bí i, ká má mọ ohun tó gbé e wọ iṣẹ́ ológun, ká má mọ ibi tó ti fara gba ọta. Bẹ́ẹ̀, òun mọ orúkọ gbogbo ọmọ wa.

Torí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe fẹ́ kí n sọ ìtàn bàbá kan fún yín, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Isaac Fadoyebo lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Emùrè-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òní. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni lọ́dún 1942 tó kúrò nílé lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà l'Ábẹ́òkúta. Kì í ṣe pé ó mọ Hitler rí, kì í ṣe pé ará Japan kankan ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dàgbà, òun fúnra ẹ̀ sọ pé ara ló ń ta òun, pé ìwà ọmọdé ló gbé òun débẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọmọ ni! Ọmọ tí ẹ̀yin ò tíì ní jẹ́ kó dá wa mọ́tò lónìí.

Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Lọ́dún 1943 ni ọkọ̀ ojú omi kó wọn dé Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wọ Bọ́mà. Àwọn ọmọ ogun wa yìí ò ní mọ́tò tó lè gba inú igbó àti orí òkè ibẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ọta, orí ni wọ́n fi ń ru oògùn, bàálù ló ń ja oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Bí òjò bá dé níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fi wé òjò tó ń kún ojú títì wa l'Ajah.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, Isaac àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà létí odò kan tí wọ́n ń pè ní Kaladan. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ṣọ́jà Japan ti lúgọ dè wọ́n. Àfi bí ìbọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún lákọlákọ! Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún Isaac, òmíràn bà á ní ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ló kú. Àwọn ará Japan dé ibi tó sùn sí nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ọta lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Níkẹyìn, òun àti ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú igbó yẹn, ọmọ Sierra Leone kan tó ń jẹ́ David Kargbo, tóun náà fara gbọgbẹ́.

Ta ló wá gbà wọ́n là? Kì í ṣe ọ̀gá òyìnbó o. Àgbẹ̀ kan ni, Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀, tó ń jẹ́ Shuyiman, ọmọ ẹ̀yà Rohingya. Òun àtàwọn ará abúlé kan ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tí wọn ò gbọ́ èdè wọn. Nígbà tó yá, Shuyiman kó wọn wọ inú ilé ara ẹ̀, lọ́dọ̀ ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ẹ ronú sí i o. Bí àwọn ará Japan bá bá wọn níbẹ̀, ikú ló kù fún gbogbo ilé yẹn. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sá pa mọ́, títí táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gba àgbègbè náà padà nínú oṣù kejìlá ọdún 1944. Nínú ìwé àwọn ológun, ẹni tó ti sọnù ni Isaac jẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ó délé lọ́dún 1945 pẹ̀lú ẹsẹ̀ títiro, ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe, ó ń gbé l'Ékòó níbí. Ẹ wò ó, ẹ tiẹ̀ lè ti bá a jókòó nínú mọ́tò kan náà, kẹ́ ẹ rò pé bàbá tó ń tiro lásán ni.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Báwo la ṣe mọ gbogbo ìtàn yìí? Torí pé Isaac kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kò dúró de ìjọba, kò dúró de akọ̀ròyìn. Ó jókòó, ó kọ ti ìgbà èwe ẹ̀, ó kọ ti ogun, ó kọ orúkọ Shuyiman sí i. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó wà ní Wisconsin, l'Ámẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé lọ́dún 1999. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí akọ̀ròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips ti Al Jazeera, wá a kàn l'Ékòó. Isaac fi lẹ́tà ìdúpẹ́ rán an sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn náà rí àwọn ọmọ ẹ̀. Wọ́n ò gbàgbé! Wọ́n gbọ́ ìtàn àwọn ṣọ́jà dúdú méjèèjì lẹ́nu bàbá wọn. Wọ́n gbé fíìmù ẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Lóṣù kọkànlá ọdún 2012, Isaac jáde láyé. Ọdún kan péré ló wà láàárín. Ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i, lẹ́tà yẹn ò bá má dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Rohingya tó gba ọmọ wa là yìí, òfin orílẹ̀-èdè wọn láti ọdún 1982 ò ka wọn sí ọmọ ìlú. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 sì ni wọ́n tún ti lé wọn, tí àwọn tó lé ní 700,000 sá lọ sí Bangladesh. Bí a bá gbọ́ ọ lórí rédíò, a ó sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀, a jẹ wọ́n ní gbèsè. Ká ní Isaac ò kọ̀wé ni, ta ni ì bá mọ̀ pé gbèsè kan wà nílẹ̀? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Tí kò bá wá sí ẹni tó rọ́ ọ ńkọ́?

Kì í ṣe àwa nìkan nìṣòro yìí ń bá jà. L'Ámẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Latino, àwọn tí ìran wọn wá láti Mexico àti Puerto Rico àtàwọn ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn náà lọ sógun Hitler yẹn lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí wọ́n dé, ìwé ìtàn ò dárúkọ wọn. Lọ́dún 1999 kan náà tí ìwé Isaac jáde, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn ní Texas, Maggie Rivas-Rodriguez, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn arúgbó náà nílé. Wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀: bí wọ́n ṣe dàgbà, ohun tí ìyá wọn ń sè, ilé ìwé tí wọn ò ti jẹ́ kí wọ́n sọ èdè wọn, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìbọn. Nígbà tí Ken Burns wá ṣe fíìmù ńlá kan lórí ogun yẹn lọ́dún 2007, tí wọ́n rí i pé òun náà fo àwọn, wọ́n pariwo, ó sì fi wọ́n kún un. Ìdí tí wọ́n fi lè pariwo ni pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ nínú báyìí. "Ṣọ́jà kẹ̀? Ṣọ́jà wo lẹ fẹ́ ká máa gẹ̀? Ṣé àwọn tó gun orí wa látọdún 1983 títí di 1999?" Òótọ́ ni. Àwa ará Lekki gan-an ò lè gbàgbé alẹ́ ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà táwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi táwọn ọmọ wa ti ń ṣèwọ́de EndSARS ní toogéètì. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ sọ lọ́dún 2021 pé wọ́n pa èèyàn níbẹ̀, ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná, mi ò sì sọ pé kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bàbá tó wà lẹ́nu géètì yín kọ́ ló pàṣẹ. Ẹlòmíràn nínú wọn ló ti lọ dẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná l'Abuja nítorí owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ó mọ ohun kan tó burú nípa iṣẹ́ yẹn, ṣé kì í ṣe òun gan-an ló yẹ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ni?

Ní gbogbo ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, tó jẹ́ ọjọ́ tí ogun Biafra parí lọ́dún 1970, àwọn aláṣẹ á gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á fọn fèrè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé ò lè sọ ìtàn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967 ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sí Liberia pẹ̀lú ECOMOG lọ́dún 1990 ti ń di bàbá àgbà. Àwọn ti Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Ẹ ò nílò owó, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ó ń gba ohùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò sí, ẹ gbé àga lọ bá bàbá, ẹ ra ohun tútù dání. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ ná. Ẹ má fi ogun bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ bi í pé: "Bàbá, níbo ni wọ́n ti bí yín? Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ń ṣe? Kí ni ìyá yín sọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kúrò nílé? Ta lọ̀rẹ́ yín lọ́hùn-ún? Ta ló ṣe yín lóore tẹ́ ò tíì rí dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" Tó bá dákẹ́ níbì kan, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ míì wà tí ẹnu ò lè sọ. Tó bá sì tán, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ náà sí i, ẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀ ní tiwọn.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà ń bẹ lẹ́nu géètì yín, ó ń ṣílẹ̀kùn fún yín láàárọ̀, ó ń tì í lálẹ́. Ẹ lọ tú u wò kí ikú tó wá ká a.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.