Ọjọ́ Eré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin: Ẹ Jẹ́ Ká Wọ Rélùwéè Lọ Wò Ó

  Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń di ariwo nínú ìpàdé wa lọ́dọọdún bí oṣù Kejì bá ti ń sún mọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà ni ti eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin tí wọ́n ń sá ní ìlú Èkó, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní màrátọ́ọ̀nù.

Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gbé eré náà kúrò lójú títì. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sá a, ọjọ́ Sátidé gan-an sì ni ọjà máa ń yá. Àwọn mìíràn ní kí oníkálukú kúkú jókòó sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó fọṣọ, kó sinmi. Àwa kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èrò tiwa ni pé ká lọ wo eré náà, ká wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ká tà díẹ̀ níbẹ̀, ká sì padà sí ìsọ̀ wa nígbà tí ọ̀nà bá ṣí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí ní Èkó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà ni pé wọ́n á gbéra láti pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, wọ́n á bọ́ sí títì Ìkòròdú, wọ́n á kọjá ní Fádéyìí, Onípáànù àti Ọbáníkòró, wọ́n á yà gba Gbàgádà, wọ́n á gun afárá Third Mainland, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkòyí, wọ́n á gba orí afárá tó so Ìkòyí pọ̀ mọ́ Lẹ́kí, kí wọ́n tó já sí Eko Atlantic ní Victoria Island. Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀nà tí àwa ọlọ́jà ń gbà gbé ẹrù wọlé gan-an ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

A kò ní parọ́ pé kì í dùn wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta tòmátì lọ kó ẹrù ní Mile 12 ní ìdájí ọjọ́ Sátidé eré kan. Awakọ̀ tó gbé e fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n bá ọ̀nà ní títì pa. Ni awakọ̀ bá já apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gba owó rẹ̀, ó yípadà. Obìnrin náà dúró ti ẹrù títí di ọ̀sán. Oòrùn mú un, ó mú tòmátì. Nígbà tí ọ̀nà fi máa ṣí, omi ti ń jò nídìí apẹ̀rẹ̀. Iye tó tà wọ́n kò tó owó ọkọ̀ àti owó alábàárù, ká má tilẹ̀ sọ ti owó ọjà. Owó àjọ ló sì fi ra ẹrù náà o.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ló ba tòmátì yẹn jẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré ni? Rárá o. Àìgbọ́ ni. Ìkéde ti wà nínú ìwé ìròyìn àti lórí fóònù, èdè Òyìnbó sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá sọ ọ́ lẹ́nu ní ọjà. Ká ní ìyá yẹn gbọ́ ní ọjọ́rú, ọjọ́bọ̀ ló máa kó ẹrù. Ohun tí a bá mọ̀ ṣáájú, a lè fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ba ni lójijì ló ń dá ni lóró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí bí a ó ṣe lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wo eré tí wọ́n ń sá lójú títì, kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì kan náà. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń ṣe wá láǹfààní láti ọdún 2008, ó sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ ní títì Ìkòròdú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti títì Ìkòròdú pa, ojú ọ̀nà tirẹ̀ náà wà nínú ẹ̀ lọ. Dánfó yóò máa yí kiri inú àdúgbò ni, owó ọkọ̀ á sì ti di ìlọ́po méjì. Ọ̀kadà ńkọ́? Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè àti Ẹ̀tì-Ọ̀sà sì wà lára wọn, níbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń parí sí.

Ọkọ̀ ojú irin kò bá ẹnikẹ́ni du títì. Irin tirẹ̀ ló ń gùn. Méjì ni wọ́n ní báyìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marina. Èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ń ti Àgbàdo bọ̀, ó ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábàá, kó tó dé Òyìngbò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lápá Agége àti Ìkẹjà, ẹ wọ ti Àgbàdo, kí ẹ sọ̀ ní Yábàá. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Ẹ lè rìn lọ sí apá Ojúẹlẹ́gbà kí ẹ rí wọn bí wọ́n ṣe ń gbéra, tàbí kí ẹ gba Jìbówú yọ sí Fádéyìí. Ẹni tó ń rin inú ọjà kiri láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ìrìn yẹn ló máa pa á? Ẹ̀yin ará Orílé àti Mile 2, ẹ wọ Blue Line dé Marina, kí ẹ rìn gba Oníkàn, kí ẹ sọdá afárá sí Victoria Island, ẹ ó sì rí bí wọ́n ṣe ń parí eré. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ má wulẹ̀ wá títì lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń ti ọ̀dọ̀ yín lọ sí Marina àti Fálọ́mọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lọ dúró lórí afárá Third Mainland o. Afárá náà gùn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, kò sí ibòji, kò sí ibi tí èèyàn ti lè yà sí ẹ̀gbẹ́.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni káàdì Cowry. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, káàdì yẹn ni wọ́n ń tẹ̀. Owó ẹyọ ni àwọn ìyá ńlá wa fi ná ọjà, orúkọ rẹ̀ náà ló tún padà wá yìí. Ẹ rà á ṣáájú, kí ẹ fi owó àlọ àti àbọ̀ sí i ní ọjọ́ Jimọ̀, kí ẹ sì béèrè ní ibùdó pé aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa gbéra ní ọjọ́ kejì. Ẹ má sì gbé agbọ̀n ńlá wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ èrò ni, kì í ṣe ọkọ̀ agbẹ́rù.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe é. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń sá irú eré yìí níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń sáré yóò rí i ní Greenwich, yóò kí i, yóò pariwo orúkọ rẹ̀, yóò sáré wọ rélùwéè, yóò sì tún lọ pàdé rẹ̀ níwájú. Ní New York, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ sáré gan-an ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Staten Island. New York yẹn náà ni obìnrin Kẹ́ńyà kan, Tegla Loroupe, ti gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún 1994, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó tún gbà á lọ́dún 1995. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa dúró lẹ́bàá títì kí wọ́n rí obìnrin tó ń sáré kọjá. Ohun tí ojú bá rí, ọkàn a máa rò ó.

Ọ̀rọ̀ títà ńkọ́? Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ọjà ti dé. Omi inú ọ̀rá, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, fìlà tó ń bo oòrùn, gbogbo rẹ̀ ló máa tà. Ẹni tó ń ta aṣọ àti ẹni tó ń ta ẹran kò lè ṣe èyí, a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ká wo eré ní àárọ̀, ká sì ṣí ìsọ̀ ní ọ̀sán. Ní Òyìngbò àti Tejúoṣó, rélùwéè wà nítòsí ọjà. Ẹ ó dé ìsọ̀ yín ṣáájú ẹni tó jókòó sínú mọ́tò.

Kì í ṣe pé ká kàn lọ ṣe ojú ayé o. Àwọn ohun mẹ́ta wà tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn tó ń ṣètò eré. Èkíní, kí wọ́n wá kéde ní ọjà wa, lẹ́nu, ní Yorùbá, ní Ìgbò àti ní Haúsá, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí wọ́n sọ títì tí wọ́n máa tì, kí wọ́n sọ aago tí wọ́n máa ṣí i. Èkejì, kí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi tètè gbéra lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí a lè tà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń lé wa bí ẹni lé ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ṣe mẹ́ta yìí, a kò ní nǹkan kan lòdì sí eré. Bí wọn kò bá sì ṣe é, a kò ní dákẹ́.

Àwọn àgbà ní ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Eré náà kò ní mọ̀ pé ìwọ tàbí èmi jókòó sílé tí a ń bínú. Wọn yóò sá a, wọn yóò parí rẹ̀, wọn yóò gba owó wọn lọ. Àwa ni títì náà jẹ́ tiwa lọ́jọ́ tó kù nínú ọdún. Ẹ jẹ́ ká wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan yẹn náà, pẹ̀lú káàdì wa lọ́wọ́ àti igbá wa lórí.

A ó jíròrò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, kó wá sọ ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ọjà tà, ká rí èrè jẹ, ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Àmín.