Kí Ló Kàn Wá Nínú Èédú?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Lọ́jọ́ kan mo dárúkọ Iva Valley ní yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rẹ́ mi kan fèsì pé, "Ti àwọn Íbò nìyẹn jàre. Kí ló kàn wá?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Mafoluku ni mí. Béèyàn bá rìn láti ilé wa dé Òṣòdì, á bá irin rélùwéè nílẹ̀. Kí ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ láyé àwọn bàbá wa? Èédú ni. Èédú Enúgu! Ọdún 1909 ni wọ́n rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Òun náà ló ń tan iná Ìjọra. Àwọn bàbá ńlá wa tó wọkọ̀ ojú irin wá sí Èkó, àwọn awakùsà ló ń fún wọn lágbára rìn. Ẹ wá ní kò kàn wá?

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1949, àwọn awakùsà yẹn ń béèrè owó tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn. Wọ́n ti dẹwọ́ iṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wá kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Kò síbọn lọ́wọ́ awakùsà kankan. Ọ̀gá wọn, Captain Philip, ní kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn 21 kú, 51 fara gbọta.

Ta ni alága Ìgbìmọ̀ Pàjáwìrì tó dìde nítorí wọn? Dókítà Akinọla Maja, ọmọ Yorùbá. Kò ní ti Íbò ni.

Ẹlòmíì á ní ayé èédú ti tán. Òótọ́ ni: dísù, epo rọ̀bì àti ogun 1967 sí 1970 ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá tán, ṣé gbèsè tán?

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó wọn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló máa kọ́kọ́ bú wọn. Ọ̀la, àwa náà ni òṣìṣẹ́. Ta ni yóò dìde fún wa, táa bá ti kọ́ gbogbo ayé láti máa bi ara wọn pé, "Kí ló kàn wá?"