Ta Ni Ó Ní Èdè Abọ̀rìṣà Ni Yorùbá?

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn tí ó sì fi ọ̀rọ̀ sísọ mọ̀ ọ́n. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, àwọn òbí kan wà ní Odò-Ọwá wa yìí àti káàkiri Ìjerò tí wọ́n ka Yorùbá léèwọ̀ fún ọmọ wọn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fẹ́. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ké kéwú díẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé èdè abọ̀rìṣà ni Yorùbá, pé Lárúbáwá nìkan ló yẹ Mùsùlùmí òdodo. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí: ọmọ yóò dàgbà, kò ní í gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ń wí.

Kí wọ́n dá wa lóhùn. Èdè wo ni àwọn abọ̀rìṣà Mẹ́kà ń sọ? Èdè wo ni Abu Jahl fi ń bú Ànábì? Ṣé kì í ṣe Lárúbáwá ni? Bí òrìṣà bá lè ba èdè jẹ́, Lárúbáwá ni ìbá kọ́kọ́ bàjẹ́. Nínú Súrà Ibrahim (14:4), Ọlọ́hun fi yé wa pé èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ ni òjíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń jíṣẹ́. Nínú Súrà Rum (30:22), Ó ka ìyàtọ̀ èdè wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀. Ta ni yóò wá kẹ́gàn àmì Ọlọ́hun?

Ẹ wo àwọn Mùsùlùmí tí ń sọ èdè Bẹ̀ngálì. Àwọn tí ń sọ Bẹ̀ngálì ni ó ju ìdajì àwọn ará Pakistan lọ nígbà náà, síbẹ̀ ní 1948, Muhammad Ali Jinnah dúró ní Dhaka, ó ní Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba. Àwọn kan ń sọ pé Bẹ̀ngálì fara jọ ti àwọn Híńdù jù. Ní February 21, 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn tí ó kú: Abul Barkat, Abdul Jabbar, Abdus Salam, Rafiquddin Ahmed. Ṣé orúkọ abọ̀rìṣà nìyẹn? Ní 1956, òfin ilẹ̀ náà gba Bẹ̀ngálì wọlé; ní 1971, Bangladesh gba òmìnira. Ní 1999, UNESCO fi ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún wọn ṣe àyájọ́ èdè abínibí fún gbogbo ayé. Lónìí, àwọn tí ń sọ Bẹ̀ngálì ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ìsìláàmù wọn kò dín.

Èdè tiwa náà kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀sìn. Àdúrà, wàásù, àlàáfíà, àlùbáríkà, wákàtí: láti inú Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, Yorùbá sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀, àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì kan, M. S. Cole, ni ó tẹ odidi Al-Kùránì jáde ní Yorùbá ní 1906, kí àwa tó ṣe tiwa. Bí a bá ta èdè wa nù, ẹlòmíràn ni yóò máa túmọ̀ ẹ̀sìn wa fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Lárúbáwá ni a fi ń kírun, a kò sì ní í fi í sílẹ̀ láé. Gẹ̀ẹ́sì wúlò fún iṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó há Súrà sórí, tí kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, àǹfààní wo ni kéwú rẹ̀ ṣe fún ilé? Ọmọ tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín sọ Yorùbá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tijú láti pe ilé ní ulé bí àwọn baba yín ní Èkìtì ti ń pè é. Ẹ̀yin olùkọ́ kéwú, ẹ máa fi Yorùbá tó mọ́ gaara túmọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Àmín.